Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́ Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn

Kò sí ohun tó ń dun Ọ̀gbẹ́ni Waldo Rautio láyé yìí tó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣíwájú oyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "Adelé". Ó ti pé ọdún mẹ́ta gbáko tó ti ń jẹ́ Adelé Olùdarí Àgbà fún Ẹ̀rọ, Ìmọ̀ àti Ọjọ́ Iwájú ní gbọ̀ngàn ìlú Osprey Landing, lápá òkè Michigan níbi tí yìnyín ti máa ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Òun fúnra rẹ̀ ló to oyè náà jọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni kó máa bójú tó kọ̀ǹpútà mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ṣùgbọ́n oyè tó ní kí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ gùn débi pé ó kọjá ilẹ̀kùn, ó gba ara ògiri lọ, ó sì parí sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Àlejò tó bá ń wá Ọjọ́ Iwájú, ilé ìtọ̀ ló máa ń já sí.

Ìgbìmọ̀ ìlú nìkan ló lè yọ "Adelé" yẹn kúrò. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n, Ìyá Hilja Kangas sì ni alága wọn. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun ló kọ́ Waldo ní ìwé kẹta nígbà tí Waldo wà lọ́mọdé, kò sì tíì gbàgbé bí ọmọ náà ṣe máa ń na ọrùn wo ìwé ẹni tó jókòó tì í.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lórí igi, Waldo wọ kóòtù rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ," ló wí, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta péré ló wà níjókòó lọ́jọ́ náà, ọ̀kan sì ti ń tòògbé, "títí di ìgbà wo ni ìlú ńlá bí tiwa á fi máa fi kọ̀ǹpútà lásánlàsàn kọ orúkọ ajá tí ará ìlú gbàwé àṣẹ láti sìn sílẹ̀? Ètò ìdarí kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ wà tí àwọn ayàwòrán ń lò, tí àwọn gbajúmọ̀ ń lò, tó ń dán gbinrin lójú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ gbé e wọ ìlú yìí! Mo fẹ́ kí ìwé àṣẹ ajá Osprey Landing di ohun tí ọmọ èèyàn á máa jowú!"

"Kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò yẹn, apá wa ò ká a, Waldo," ni Ìyá Kangas wí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ rà á, Màdáámù Alága? Èmi ni màá kọ́ ọ, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì yìí."

Ó yẹ kí n dúró ṣàlàyé díẹ̀ níbí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò ìdarí tí Waldo ń wí kì í fẹ́ kó jókòó sínú àpótí ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà tí àwọn fúnra wọn bá ṣe nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá lọ gbé e sínú èyí tó tò jọ nílé, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, kó má pè wọ́n. Síbẹ̀ àwọn kan wà káàkiri Amẹ́ríkà tí etí wọn ò gbọ́ irú ìyẹn. Wọ́n á ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun, wọ́n á wá kọ́ àpótí náà ní irọ́ pípa. Bí ètò ìdarí bá jí tó bi àpótí pé, "Ìwọ ta nìyẹn?", àpótí á dáhùn pé, "Ọmọ yín ni mí," á sì ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde. Bí ètò bá gbà á gbọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ọdún méjì láìwúkọ́. Ó sì lè kú fin-ín-fin-ín lọ́jọ́ tó o bá pe èèyàn wá wò ó.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ní gbọ̀ngàn ìlú ni Delphine Maki, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ orúkọ ajá sílẹ̀ ní kántà iwájú. Òun ló to kọ̀ǹpútà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú àpò sòkòtò ni ọwọ́ Waldo méjèèjì wà ní gbogbo àkókò náà. Ẹ̀ẹ̀kan ló yọ ọ̀kan jáde láti bá a di nọ́ọ̀tì kékeré kan mú, nọ́ọ̀tì náà sì sọnù títí di òní.

"Ọ̀gá, ó ti gbéra o," ni Delphine wí nígbà tó parí. "Àmọ́ mo ní láti sọ òótọ́ fún yín. Kò ní ohùn. Kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń sùn, kì í sì í jí mọ́, àfi ká pa á ká tún un tàn."

Waldo fọwọ́ lẹ́rán, ó ronú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ irú àwọn ọ̀gá báyìí, ẹ ó ti mọ̀ pé kò sí àbùkù tí wọn ò lè sọ di òfin.

"Kò ní ohùn?" ló wí. "Ó mà dáa o. Ìjọba tó níyì kì í pariwo. Kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? Ìwé títẹ̀ ti di ti àná. Láti òní lọ, ẹ máa fi ọwọ́ dà á kọ láti ojú kọ̀ǹpútà. Ní ti oorun, Delphine, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ló yẹ kó máa sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá lórí bí òun ṣe fi òógùn ojú òun kọ́ ọ. Ó fi ìka kan tó fi báńdéèjì wé hàn wọ́n, ó ní ibi tí iṣẹ́ ti ṣe òun léṣe nìyẹn. Ní tòótọ́, ọ̀bẹ bọ́tà ló gé e.

Ìyá Kangas gbọ́ ọ tán. "Ó dáa," ló wí. "Tí nǹkan yìí bá ṣiṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láìkú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó yọ 'Adelé' kúrò lára oyè rẹ. Tó bá kú, ìwọ gan-an la ó yọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màdáámù Alága."

"Ṣé ó yé ẹ, Waldo? Torí mo mọ̀ ẹ́."

Báyìí ni ọgọ́rùn-ún ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ibi ìlagi tó wà létí adágún ní pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń kọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kankan ò tíì farapa sí. Waldo ní kí wọ́n kan irú rẹ̀ fún òun, kó sì tóbi ju tiwọn lọ. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ojoojúmọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí gbọ̀ngàn, Waldo á wọ ìbọ̀wọ́ funfun, á gun àkàbà, á yí nọ́ńbà ara pátákó padà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà ò ní ohùn tó lè fi kọ orin orílẹ̀-èdè, àwọn ni wọ́n á máa fi imú kùn ún, Waldo á sì dúró lókè àkàbà pẹ̀lú ọwọ́ láyà.

Ti oorun ló wá le jù. Waldo ṣe ìwé ìpín iṣẹ́ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì, á máa fi ọwọ́ ti máòsì síwá sẹ́yìn kí ó má baà sùn. Àwọn tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ ti máòsì. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ti máòsì. Lẹ́tà ni òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ wá fi sílẹ̀, kó tó mọ̀, wọ́n ti fi máòsì sí i lọ́wọ́. Arvo Niemi, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yìnyín kúrò lójú pópó, fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dénú. Ọ́fíìsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kọfí gbígbóná, ó tún dùn ju ìgboro lọ.

"Ọ̀gá," ni Arvo máa ń wí, "ẹ wò ó bí máòsì yìí ṣe ń gbọ́ràn! Ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni òun."

"O lójú inú, Arvo. Fi wákàtí méjì kún un."

Yìnyín bo ọ̀nà ilé-ìwé dé ojú fèrèsé. Nígbà tí àwọn òbí wá fẹjọ́ sùn, Waldo jáde sí wọn lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀yin ará ìlú, ọ̀nà tí yìnyín bò á yọ́ fúnra rẹ̀ tó bá di ìgbà ìrúwé," ló wí. "Kọ̀ǹpútà tó bá sùn, ta ni á jí i?" Ó dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀lù yìnyín kan ló wá dípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógójì, Delphine lọ bá a. Àánú àwọn tó ń ti máòsì ń ṣe é.

"Ọ̀gá, ibì kan wà nínú ètò yìí tá a lè lọ tẹ̀, ká sọ fún un pé kó má sùn mọ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Waldo wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n wó gbọ̀ngàn ìlú. "Kí àwọn òṣìṣẹ́ wá máa ṣe kí ni?" ló bi í. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Waldo ṣe tí kò sọ fún Delphine. Ojú ewé kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó máa ń fi hàn pé ọmọ ilé-iṣẹ́ yẹn ni, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Waldo fẹ́ràn kó máa ṣí i fún àlejò wò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí Delphine fi sí i ń bí i nínú, nítorí òdo mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Olùdarí Àgbà wo ló ń gbé òdo mẹ́rin kiri? Ó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí àwòrán irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kan tí ẹnì kan ń tà, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ hàn kedere, tó kún fún méje-méje. Ó wù ú. Ó dà á kọ, ó sì fi í rọ́pò ti Delphine. Ó mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ ìyá rẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ wá pé. Kọ̀ǹpútà náà kò kú rárá. N ò ní purọ́ mọ́ ọn: Delphine tò ó dáadáa. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Wọ́n ti yan páì ẹran àti ọ̀dùnkún síbẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, Roscoe Tremblay, sì ti ń jẹ ẹ̀kejì. Wọ́n fi ẹ̀rọ tan ojú kọ̀ǹpútà náà sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Àwọn ìgbìmọ̀ márààrún jókòó. Ìbò nìkan ló kù, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbò máa gbà. Ká ní Waldo jókòó jẹ́jẹ́ ni, ì bá ti jẹ oyè rẹ̀ délé.

Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ yẹn gbé ẹ̀dà tuntun ètò ìdarí wọn jáde. Àmì pupa kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n tẹ òun. Waldo rí i lára ògiri, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá!" ló ké. "Ṣáájú ìbò, ẹ ó rí ohun tí ìlú kankan ní ìpínlẹ̀ yìí ò tíì rí. Níwájú yín báyìí ni màá gbé Osprey Landing bọ́ sínú ẹ̀dà tuntun!"

Delphine sáré dìde láti ẹ̀yìn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwa tá à ń kọ́ irú èyí nílé, a ní òfin kan: a kì í tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A máa ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fi tiẹ̀ dán an wò. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà èèyàn mẹ́tàdínlógún ti kú."

"Wọn kì í ṣe èmi."

"Ìbò ló kù, ọ̀gá! Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò ná!"

"Delphine," ni Waldo wí sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, "ajá ni kó o lọ kọ sílẹ̀." Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ lára ògiri. Waldo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí ìlà náà ṣe ń gùn ni ọ̀rọ̀ ń gùn. Nígbà tí ìlà dé ìdajì, ó ti fi ara rẹ̀ wé àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ti ń wá ibi tí wọ́n á gbé ère òun sí. Ògiri wá ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́wẹ́ rọ́ gìrọ́gìrọ́ kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àmì kan yọ láàárín, ó dúró gbọin: òbírí róbótó kan tí ìlà dábùú àárín rẹ̀ kọjá.

Òógùn bo Waldo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kú.

"Òǹtẹ̀ nìyẹn!" ló wí. "Òǹtẹ̀ àṣẹ! Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Arvo pàtẹ́wọ́. Bí Arvo ti ṣe é ni àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, ó ti mọ́ wọn lára láti ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún òbírí náà, àwọn kan tiẹ̀ dìde dúró. Ó ṣe díẹ̀ kí ọwọ́ tó rọ̀.

"Waldo," ni Ìyá Kangas wí, ó ti wọ awò ojú, "ṣé kì í ṣe àmì 'má dúró síbí' tí wọ́n ń gbé sójú títì nìyẹn?"

"Ìyá, wọ́n fara jọ díẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà yẹn ti kú."

"Kò kú o! Ó ń ronú. Màá pe àwọn tó ni ín báyìí, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn!"

Delphine fi ọwọ́ bojú. "Ọ̀gá," ló wí, "a kì í pè wọ́n." Ó ti pẹ́ jù. Waldo ti gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì ti ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo gbọ̀ngàn.

"Ẹ káàsán o, Emmett lorúkọ mi," ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí láti inú fóònù. "Kí ni mo lè bá yín ṣe?"

"Olùdarí Àgbà fún Ẹ̀rọ, Ìmọ̀ àti Ọjọ́ Iwájú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣeun, sà. Orúkọ yín ńkọ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Waldo sọ orúkọ rẹ̀, ó ròyìn àmì òbírí náà. Emmett ní kó ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà náà fún òun. Waldo na ọrùn, ó sì kà á láìwo ibì kankan, méje lórí méje. Wọ́n ń gbọ́ bí Emmett ṣe ń tẹ nǹkan.

"Sà, ṣé dókítà eyín ni yín?"

"Mo ti sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún ọ!"

"Ẹ máà bínú, sà. Kọ̀ǹpútà tó ní nọ́ńbà yìí, dókítà eyín kan ní Wisconsin ló ni ín. Ó ti fi tó wa létí pé wọ́n jí i gbé."

Tremblay, ọ̀gá ọlọ́pàá, gbé páì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́. Ó nu ọwọ́, ó dìde.

"Waldo," ló wí, "ta ló ṣe kọ̀ǹpútà yìí?"

Waldo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Bó bá ní òun lòun ṣe é, olè ni. Bó bá ní òun kọ́, kí ni gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ìka tó fi báńdéèjì wé, ìbọ̀wọ́ funfun? Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá oyè yìí, ó sì kù díẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Delphine ni!" ló ké. "Delphine ló ṣe é! Èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà! Ẹ bi ẹnikẹ́ni níbí, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án!"

Delphine rìn wá síwájú. Ojú rẹ̀ pọ́n, inú ń bí i gan-an. "Òótọ́ ni, èmi ni mo tò ó," ló wí. "Nọ́ńbà tí mo fi sí i kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láyé, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó lò ó. Ta ló yí i padà?"

"Òdo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀," ni Waldo wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ ọdún méje lọ.

Ìyá Kangas mi orí. "O tún lọ wo ìwé ẹlòmíràn," ló wí. Ó yíjú sí Delphine. "Ìwé ìlú ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé gbogbo rẹ̀ ti bá a lọ?"

"Rárá o, Ìyá. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní kántà mi la ṣì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí, kò sẹ́ni tó ráyè lò ó láti ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Máòsì la gbá mú."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó omi, ó sì ran gbogbo ilé. Arvo ló rẹ́rìn-ín jù. Tremblay tún jókòó, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń de èèyàn tó jí nọ́ńbà, òun á kàn kọ̀wé sí dókítà náà. Ìgbìmọ̀ dìbò. Ọwọ́ márùn-ún ló lọ sókè lórí pé kí Waldo máa lọ, márùn-ún náà ló tún lọ sókè pé kí Delphine gba ọ́fíìsì rẹ̀. Delphine ní òun á gbà á, bí wọ́n bá jẹ́ kí òun ra kọ̀ǹpútà lásán, kí Arvo sì lọ kó yìnyín.

Emmett ṣì wà lórí fóònù. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ níbi iṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ gé fóònù mọ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan.

"Sà," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé nǹkan mìíràn wà tí mo lè ràn yín lọ́wọ́ lé lórí lónìí?"

Waldo wo àwọn èèyàn tó ń wọ kóòtù wọn. Ó wo fóònù.

"Ṣé ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀?" ló bi í.

Emmett tún tẹ nǹkan díẹ̀. "A máa ń gbà, sà. Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

Waldo ronú gan-an.

"Mo mọ̀rọ̀ọ́ sọ," ló wí.

"Ẹ dúró sórí ìlà, sà. Màá wádìí fún yín."

Orin ìdúró bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù. Ìyá Kangas fa bàtà yìnyín rẹ̀ wọ̀, Tremblay fi bébà di páì tó kù, àwọn òṣìṣẹ́ ń tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Waldo ń gbé ìka kan sókè sí, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe tó bá ń dáhùn ìpè pàtàkì tí kò lè dá dúró.